Òrìṣà Funfun Ilẹ̀ Togo

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Èjìgbò tí ó ń lọ sí Abidjan, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba àti àwọn ìyá wa ti ń ṣe láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dé ayé, yóò la Kútọnu kọjá, yóò sì dé Lomé tí í ṣe olú ìlú Togo, níbi tí títì ti ń bá etí òkun rìn, tí àwókù afárá irin kan sì nà jáde láti orí iyanrìn wọ inú omi. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n kọ́ afárá náà ní ọdún 1904, nígbà tí Togo ṣì wà ní ìkáwọ́ wọn, kí àwọn ọkọ̀ òkun tí ìgbì kò jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ilẹ̀ lè rí ibi já ènìyàn àti ẹrù sí. Oníṣòwò tí ó ń kánjú àtidé Treichville tàbí Adjamé ní Abidjan kò ní ìdí kankan láti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n etíkun yìí ni ọmọbìnrin ará Hamburg kan tí ń jẹ́ Meg Gehrts gbà wọ Togo ní ọdún 1913. Kò wá tajà, kò wá wàásù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìyàwó aláṣẹ ìjọba kankan. Eré sinimá ni ó wá ṣe, ipò tí wọ́n sì fi í sí nínú eré náà kò kéré sí ti òrìṣà.

Ẹni tí ó mú un wá ni Hans Schomburgk, arìnrìn-àjò àti ọdẹ, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nítorí pé ó mú erinmi ràrá láàyè nínú igbó Liberia fún Carl Hagenbeck, gbajúmọ̀ olówò ẹranko ní Hamburg. Ọkùnrin yìí rò ó pé bí àwọn ènìyàn Yúróòpù bá lè sanwó láti wo ẹranko Áfíríkà nínú ọgbà, wọn yóò sanwó láti wo ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lórí aṣọ funfun sinimá pẹ̀lú. Ó gba ará Gẹ̀ẹ́sì kan, James Hodgson, láti máa yí ẹ̀rọ ayàwòrán, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ láti Lomé gba ojú irin lọ sí ìhà Atakpamé, láti ibẹ̀ lọ sí Sokodé, títí wọ́n fi dé Mango ní òkè àríwá. Ẹ jẹ́ kí n rán ẹ̀yin òǹkàwé létí pé Atakpamé kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa: àwọn ará Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè tiwa, tí wọ́n sì ń tọ orírun wọn dé Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n ń gbé ibẹ̀.

Orúkọ èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn fíìmù tí wọ́n yà ni Die weiße Göttin der Wangora, èyí tí a lè pè ní Òrìṣà Funfun Àwọn Wangora. Àwọn tí wọ́n pè ní Wangora yìí kò sí níbì kankan lórí ilẹ̀ Togo. Inú ìwé eré nìkan ni wọ́n ń gbé, bí orúkọ wọn tilẹ̀ fara jọ ti àwọn oníṣòwò Wangara tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀. Ìtàn náà kò gùn. Ọkọ̀ kan rì lójú òkun, ìgbì gbé ọmọbìnrin jòjòló aláwọ̀ funfun kan wá sí èbúté, àwọn ará ìlú rí i, wọ́n tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà tí gbogbo wọn ń bọ. Nígbà tí ó di wúńdíá, ọdẹ aláwọ̀ funfun kan bọ́ sí ìlú náà, ìfẹ́ wọ àárín àwọn méjèèjì, wọ́n jọ sá lọ, àwọn abọ̀rìṣà sì gbá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ọfà àti ọ̀kọ̀.

Ará Èjìgbò tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, nítorí pé àwa gan-an ni a ni òrìṣà funfun. Òrìṣà Ògìyán, akíkanjú ajagun tí ó fẹ́ràn iyán ju oúnjẹ gbogbo lọ, ẹni tí apá méjì ìlú ń fi àtòrì na ara wọn lọ́jọ́ ọdún rẹ̀ tí kò sì sí ẹni tí yóò bínú, ọ̀kan ni nínú àwọn òrìṣà alálà tí Ọbàtálá jẹ́ olórí wọn. Funfun tirẹ̀ wà lára aṣọ, ó wà lára ẹfun, ó wà lára ìwà mímọ́; kò sí aworo tàbí ìyálórìṣà kan tí ó ń wo àwọ̀ ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì gbà pé ó wà láàrin àwọn Tem tàbí àwọn Konkomba ní Togo, tí yóò rí ọmọ òrukàn tí òkun gbé wá, tí yóò gbé e ka orí ìtẹ́ òrìṣà láìdífá, láìpe àgbà, nítorí pé àwọ̀ ọmọ náà mọ́lẹ̀ ju tiwọn lọ. Àlá ará Jámánì ni wọ́n dì sínú àpótí, tí wọ́n rù wọ inú igbó ẹlòmíràn, tí wọ́n sì wá pe onílẹ̀ kí ó wá bá wọn ṣe é. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ó sì hàn gbangba pé ẹ̀rọ ayàwòrán tí àlejò gbé dání kò yọ ọ́ kúrò nínú òwe náà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ẹni tí kò rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rí, ó yẹ kí a mọ̀ pé fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn. Òṣèré a máa la ẹnu, a máa ju ọwọ́, ojú rẹ̀ a máa fara ya, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ kì í dé etí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ni fíìmù ni yóò kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí ojú pátákó, tí wọn yóò ya ìyẹn náà, tí wọn yóò sì fi há àárín àwòrán kan àti èkejì, kí olùwòran lè ka ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó gbà pé òṣèré sọ. Ní gbọ̀ngàn sinimá, ẹnì kan a jókòó nídìí dùùrù, a máa tẹ ẹ́ bí eré bá ṣe ń lọ. Báyìí ni fíìmù ṣe rí ní Jámánì láti ọdún 1895 tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Skladanowsky kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ará Berlin, títí di nǹkan bí ọdún 1929 tí ohùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Irú rẹ̀ náà sì ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí ní Glover Memorial Hall ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Nítorí náà, nínú fíìmù aláìlóhùn, ẹni tí ó kọ gbólóhùn sí pátákó ni ó ni ẹnu gbogbo ènìyàn.

A lè sọ pé bí ó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ni kò lóhùn, a jẹ́ pé ìyà kan náà ni ó jẹ wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Meg Gehrts lè ka èdè tí wọ́n kọ sí pátákó. Ó mọ ohun tí wọ́n fi sí òun lẹ́nu, ó lè jókòó sí sinimá ní Hamburg kí ó wo ara rẹ̀, bí ó bá sì bí i nínú, ó lè mú gègé. Ẹlẹ́ṣin Tem tí ó sáré kọjá níwájú ẹ̀rọ náà ní ìhà Sokodé kò mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni wọ́n fi òun ṣe tàbí ẹhànnà. Èyí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé di mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: àìlóhùn wọn kò dọ́gba.

Meg Gehrts sì mú gègé lóòótọ́. Ní ọdún 1915, nígbà tí ìjà ti dé láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, ìwé Meg Gehrts jáde ní London, ó sì pè é ní A Camera Actress in the Wilds of Togoland. Obìnrin inú ìwé náà kò jọ obìnrin inú fíìmù rárá. Òrìṣà inú fíìmù, ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀. A gbé e ga, a bọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pàṣẹ, kò ṣèdájọ́, kò ṣòwò, ohun kan ṣoṣo tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni pé ó tẹ̀lé ọkùnrin tí ó wá gbà á sílẹ̀. Oyè tí kò ní àṣẹ ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Àwa tí a mọ ohun tí Ìyálóde ń ṣe nínú ìlú, tí a sì ti rí Ìyálọ́jà tí ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ọjà pa, yóò ṣòro fún wa láti pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní iyì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìwé náà gun ẹṣin la ilẹ̀ tí ó jìnnà kọjá fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sùn nínú ahéré, oòrùn pa á, ó bójú tó oúnjẹ ibùdó, ó sì ń fi ojú obìnrin wo bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń dáná, tí wọ́n ń tọ́mọ, tí wọ́n ń ṣe ara lóge. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n dé ní àríwá, òun ni obìnrin aláwọ̀ funfun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fojú rí, wọ́n sì ń ya bo ibi tí ó bá wà láti wò ó. Ẹni tí wọ́n mú wá kí a lè wò ó nínú fíìmù ni àwọn tí ó wá wò ń wò.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi ìwé náà ṣe ìwé mímọ́. Ojú amúnisìn wà nínú rẹ̀. Ibi púpọ̀ wà tí ó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ó gbà á lálejò bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọdé. Síbẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ti rí òdiwọ̀n tí a lè fi mọ bí irọ́ fíìmù náà ṣe tóbi tó, nítorí pé obìnrin tí ó lè ṣe gbogbo èyí ni wọ́n ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n máa bọ.

Ohun kan tún wà ní ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ tí ó jọ mí lójú púpọ̀. Ní Kamina, nítòsí Atakpamé, ilé-iṣẹ́ Telefunken ń gbé àwọn òpó gàgàrà dìde nígbà náà gan-an, lábẹ́ àbójútó onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Anton Codelli ará Ljubljana, kí ọ̀rọ̀ lè máa fò láìsí wáyà láti Togo dé Nauen lẹ́bàá Berlin. Àwọn ọmọ Togo ni wọ́n ru irin náà, àwọn ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá fún ọ̀rọ̀ sísọ ń dìde ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ tí ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn sì ń yí ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn kan náà ni wọ́n sì ni méjèèjì. Kò pẹ́ tí ilé ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ogun dé. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn ni wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n sì fi Togo sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà.

Bí ó ti wù kí ó rí, eré òrìṣà nìkan kọ́ ni Schomburgk yà. Ó ya ìṣe ojoojúmọ́ àwọn ènìyàn náà pẹ̀lú, ó sì fi wọ́n ṣe fíìmù Im Deutschen Sudan: àwọn alágbẹ̀dẹ Banjeli tí wọ́n ń yọ́ irin láti inú òkúta pẹ̀lú iná ìléru amọ̀, àwọn jagunjagun Konkomba, àwọn tí wọ́n ń fi òwú ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí sàn ju eré náà lọ lọ́nà jíjìn, nítorí pé ẹni tí ń ran òwú kò dúró de ẹni tí yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe mú ìrànwú. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ tí pátákó kankan kò lè yí padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owó ni òwú Togo jẹ́ fún Jámánì. Láti ọdún 1901 ni wọ́n ti mú àwọn ọmọ dúdú Amẹ́ríkà wá láti ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ti Booker T. Washington, kí wọ́n wá gbin òwú ní Tove fún àwọn ilé-iṣẹ́ aláṣọ ní òkè òkun. Ìdí tí ayàwòrán fi fara balẹ̀ wo òwú kì í ṣe ìfẹ́ ọnà nìkan.

Lẹ́yìn ogun, Jámánì kò ní ilẹ̀ kankan mọ́ ní Áfíríkà. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé fíìmù wọn yóò gbàgbé wa, ṣùgbọ́n ìyánhànhàn ni ó pọ̀ sí i. Ní ọdún 1919, olùdarí kan, Joe May, kọ́ ìlú òkèèrè oríṣiríṣi sí Woltersdorf lẹ́yìn Berlin, ó fi ìyàwó rẹ̀, Mia May, ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú fíìmù gígùn alápá mẹ́jọ tí í ṣe Die Herrin der Welt. Níhìn-ín, obìnrin ni ó ń rin ayé, òun ni ó ń wá ìṣúra, òun ni ó ń gbẹ̀san; ìtẹ̀síwájú ni èyí lórí òrìṣà tí ó jókòó. Ṣùgbọ́n bí ipò obìnrin funfun ti ń gòkè, ipò ènìyàn dúdú dúró síbi tí ó wà: ẹrú, ẹ̀ṣọ́, abọ̀rìṣà.

Láàrin àwọn tí wọ́n ń ṣe irú ipò wọ̀nyí ni ọkùnrin kan wà tí ó yẹ kí a mọ orúkọ rẹ̀. Ludwig M'bebe Mpessa ni wọ́n sọ ọ́ ní Douala ní Kamẹrúùnù ní ọdún 1892. Louis Brody ni àwọn onísinimá mọ̀ ọ́n sí. Ó wà nínú fíìmù Joe May yìí, ó wà nínú Der müde Tod tí Fritz Lang ṣe ní ọdún 1921, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ mìíràn títí ohùn fi wọ fíìmù. Wọn kò fún un ní ipò olóyè rí bí kò ṣe pé oyè náà jẹ́ ti ìlú ẹhànnà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ, ni Brody fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe: ó ga, ó dúró dáadáa, ojú rẹ̀ kì í yẹ̀, ẹni tí ó bá sì wò ó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún yóò rí i pé ìgbà mìíràn wà tí ìránṣẹ́ gbayì ju ọ̀gá tí ó ń bu omi fún. Níta sinimá, kò dákẹ́. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ń fi ìbínú tí wọ́n ní sí àwọn ọmọ ogun dúdú Faransé tí wọ́n wà létí odò Rhine kanra mọ́ gbogbo aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń lù wọ́n ní ìgboro, òun ni ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn B.Z. am Mittag ní Berlin ní ọdún 1921, pé kí wọ́n rántí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n wá láti ilẹ̀ tí Jámánì ti ṣàkóso rí, tí wọ́n sì ń gbé láàrin wọn ní àlàáfíà. Ẹni tí kò lóhùn nínú fíìmù wá ohùn lọ sí ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí Meg Gehrts ti ṣe.

Metropolis, tí Fritz Lang gbé jáde ní Berlin ní oṣù kìíní ọdún 1927, ni gbogbo ayé fi ń júwe fíìmù Jámánì ìgbà náà, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Obìnrin ni ó kọ ìtàn rẹ̀, Thea von Harbou. Síbẹ̀, nínú ìlú ńlá tí ọkùnrin kún bí eṣú, obìnrin kan ṣoṣo, Maria, ni ìtàn gbé lé èjìká, wọ́n sì pín òun náà sí méjì, ẹni mímọ́ ní apá kan, ẹ̀rọ elétekéte ní apá kejì, Brigitte Helm tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ni ó sì ṣe méjèèjì. Àwọn ènìyàn dúdú tí a rí nínú rẹ̀ ń fi èjìká gbé àwo ràbàtà tí Maria ayédèrú ti jáde wá jó. Kí a tó sọ pé gbogbo wọn ni wọ́n rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ Asta Nielsen, ọmọ Denmark tí ó fi Jámánì ṣe ilé: ní ọdún 1921, ó fi ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe fíìmù Hamlet, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe ọmọ ọba inú ìtàn náà, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí wọ́n tọ́ bí ọkùnrin nítorí ìtẹ́.

Èyí kò lè ya Yorùbá lẹ́nu. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, ọkùnrin ni ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó ń di ọmú àti ìdí obìnrin mọ́ra, kí wọ́n lè fi bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ: àwọn alárìnjó náà, ọkùnrin ni wọ́n fi ń ṣe obìnrin nínú ìdán wọn, ìyẹn ni pé obìnrin wà nínú eré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1945 ni àwọn obìnrin tó wọ inú iṣẹ́ eré orí ìtàgé gidi gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́, àwọn òbí púpọ̀ sì ka ọmọ wọn tí ó bá bá a lọ sí ẹni tí ó ti bàjẹ́. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn tí Asta Nielsen ti fi owó ara rẹ̀ ṣe ọmọ ọba.

Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ gbéra láti Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Èjìgbò níhìn-ín, wọ́n gbé eré Ọba Kò So lọ sí Berlin, ìlú tí Brody ti ṣe ìránṣẹ́ títí tí ó fi kú síbẹ̀ ní ọdún 1951. Wọ́n lu bàtá, wọ́n lu dùndún, wọ́n ki oríkì, Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọya inú eré náà, ipò tí Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀ fi di gbajúmọ̀ láàrin wa, kò jókòó de ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Ṣàngó ni ó ń gbà nímọ̀ràn, ó sì ń bá ọba jiyàn lójú gbogbo ènìyàn.

Àwọn ará Togo ní láti dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2023 ni ará Jámánì kan, Jürgen Ellinghaus, gbé fíìmù kan jáde tí ó pè ní Togoland Projektionen. Ó kó àwòrán Schomburgk tí ó ṣẹ́kù dání, ó tún ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ ní 1913 tọ̀, ó sì fi àwọn àwòrán náà han àwọn ènìyàn ní ìlú tí wọ́n ti yà wọ́n, àwọn wọ̀nyí sì ń sọ ohun tí wọ́n rí ní èdè tiwọn. Àádọ́fà ọdún ti kọjá kí ó tó gbé àwòrán náà wá bi àwọn tí ó ni ojú inú rẹ̀ pé kí ni wọ́n rí sí i.